Igi wo ló yẹ ojú títì wo? Ìfiwéra fún àdúgbò tó fẹ́ gbin igi

Ìdí-Àràbà, Ìdí-Ìṣin, Ìdí-Mángòrò, Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìdí-Ìrókò. Igi ni wọ́n fi sọ àwọn àdúgbò wọ̀nyí lórúkọ, irú igi bẹ́ẹ̀ sì ti ní àyè tirẹ̀ kí ilé tó yí i ká. Títì tí à ń gbé lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ògiri ọgbà àti gọ́tà, ilẹ̀ tó kù lè má ju mítà kan àbọ̀ lọ. Wáyà iná ń kọjá lókè, páìpù omi ń kọjá nísàlẹ̀, onílé sì fẹ́ gbé mọ́tò síbẹ̀. Nítorí náà, CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) tó bá fẹ́ gbin igi kò gbọdọ̀ tíì ra ọmọ igi kankan. Ẹ kọ́kọ́ wọn ilẹ̀. Ibi tí igi máa dúró sí ló ń yan igi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra igi, ibi tí yóò tì í sí ni yóò máa wá kiri, kò sì ní pẹ́ tí àdá yóò fi dé e lórí.

Ibi mẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Etí gọ́tà lábẹ́ wáyà | Etí títì tí kò ní wáyà | Àárín títì alápá méjì | Gbàgede (ilé-ìwé, ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì) |
|---|---|---|---|---|
| Fífẹ̀ ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ | mítà 1 sí 1.5 | mítà 1.5 sí 3 | mítà 1 sí 4 | mítà 6 sókè |
| Gíga igi tó bá dàgbà tán | kò ju mítà 5 lọ | mítà 8 sí 12 | mítà 6 sí 10, kó má fẹ̀ | mítà 15 sókè |
| Àyè láàárín igi méjì | mítà 4 sí 5 | mítà 7 sí 8 | mítà 6 sí 8 | mítà 12 sí 15 |
| Ohun tó sábà ń pa á | àdá àwọn òṣìṣẹ́ iná | táyà mọ́tò, íńtálọ́ọ̀kì | ooru ọ̀dà, òùngbẹ | ẹsẹ̀ ènìyàn, ewúrẹ́ |
| Ẹni tí yóò bomi rin ín | onílé tó kọjú sí i | onílé tó kọjú sí i | kò sí, àfi tí ẹ bá yan ẹnì kan | ìgbìmọ̀ ibẹ̀ |

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbàgede ló dára jù, òun náà sì ni àwọn àdúgbò máa ń fojú fò, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló fẹ́ igi sí iwájú ilé tirẹ̀. Igi ńlá kan tó rí ilẹ̀ tó nínú ọgbà ilé-ìwé lè ṣíji bo ibi tí igi wẹ́wẹ́ mẹ́wàá etí gọ́tà kò lè bò. Àárín títì ló burú jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún yangí àti àjákù kọnkéré tí àwọn tó ṣe títì fi sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé omi dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sá fún mọ́tò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìjọba. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, LASPARK, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà, ni wọ́n gbé ọgbà àti igi etí títì lé lọ́wọ́, ẹ sì kàn sí wọn kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀bá títì ìjọba. Ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, ẹ béèrè ní iléeṣẹ́ àyíká àti ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Bí ẹ ṣe máa wọn ilẹ̀

Téèpù oní-mítà 30, ọ̀pá irin 12 mm irú tí àwọn birikilà ń lò, korobá omi, dígà àti ìwé ti tó. Ènìyàn mẹ́ta lè parí títì tó gùn tó mítà 200 láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ wọn fífẹ̀ ilẹ̀ láti ògiri dé gọ́tà ní gbogbo mítà mẹ́wàá, nítorí kì í dọ́gba. Ibi tí kò bá pé mítà kan, ẹ fi òdòdó tàbí pèrègún síbẹ̀ kí ẹ sì kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe ìṣirò ilẹ̀ tí gbòǹgbò máa rí. Ìwọ̀n tó wúlò ni pé gbogbo mítà onígun mẹ́rin kan tí igi bá ṣíji bò ń fẹ́ bíi 0.6 mítà kúbíìkì ilẹ̀ tó dẹ̀. Igi tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 5 ń ṣíji bo bíi mítà onígun mẹ́rin 20, ilẹ̀ tí yóò fẹ́ sì jẹ́ bíi mítà kúbíìkì 12: ìyẹn ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1.5, tó gùn ní mítà 8, tó jìn ní mítà kan. Tí ẹ bá gbin irú igi yẹn sínú ihò tí íńtálọ́ọ̀kì yí ká ní ìwọ̀n 60 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni yóò fi dàgbà dáadáa, lẹ́yìn náà yóò dúró gbagidi, ewé rẹ̀ yóò máa pọ́n, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé íńtálọ́ọ̀kì sókè láti wá atẹ́gùn àti omi. Àwọn ènìyàn á ní igi náà ló burú. Ihò ló kéré.

Ẹ fi ọwọ́ ti ọ̀pá irin wọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí òjò bá rọ̀. Tó bá wọlẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 45, ilẹ̀ náà dára. Tó bá dúró ní 15, mọ́tò tàbí katapílà ti tẹ ilẹ̀ yẹn pa, ẹ ó sì ní láti fi dígà tú u ní fífẹ̀ mítà kan ó kéré tán, kì í ṣe ibi tí ọmọ igi máa wọ̀ nìkan.

Ìdánwò omi ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó jìn ní 45. Ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, ẹ tún bu òmíràn, kí ẹ wá wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. Bí kò bá fà tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, omi yóò máa dúró sídìí igi nígbà òjò, gbòǹgbò yóò sì jẹrà: àwọn igi bí píà kì í yè níbẹ̀. Láàárín 2.5 sí 10 ló dára. Bó bá ju 10 lọ, yanrìn ni, ẹ sì máa bomi rin ín ju bí a ṣe kọ ọ́ sísàlẹ̀ lọ.

Ẹ gbójú sókè náà. Wáyà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó lọ sí ilé jẹ́ wáyà kékeré. Igi tí kò ju mítà 5 lọ lè wà lábẹ́ rẹ̀. Wáyà mẹ́ta tó jìnnà síra lórí igi agbélébùú, tó ń lọ sí tiransifọ́mà, jẹ́ wáyà iná ńlá, 11 kV tàbí 33 kV. Ẹ má gbin igi kankan sábẹ́ ìyẹn, ẹ jìnnà sí i ní mítà 5 bó bá tilẹ̀ jẹ́ igi kékeré ni. Igi gànganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: igi tó wà ní orúnkún yín lónìí, níbi tí orí rẹ̀ máa dé ni kí ẹ máa wò. Ẹ fi mítà 8 sí 10 sílẹ̀ ní oríta kí awakọ̀ lè ríran, mítà 5 sí sọ́kàwéè àti kànga, mítà 2 sí géètì.

Àwọn igi tí àdúgbò sábà máa ń yàn láàárín wọn

Furúntù àti ìṣin. Furúntù yára. Láàárín ọdún mẹ́rin, ènìyàn ti lè gbé àga sábẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kún ojú títì wa. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ tóbi, ó sì ń já gbogbo rẹ̀ dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá gbá ewé yẹn lọ sínú gọ́tà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, gọ́tà dí nìyẹn. Ìṣin kì í yára, ẹ fún un ní ọdún mẹ́fà tàbí méje. Kì í já ewé tán láéláé, òjìji rẹ̀ nípọn, ewé rẹ̀ sì kéré débi tí gọ́tà lè gbé e lọ. Àbùkù rẹ̀ wà lára èso: èyí tí kò tíì la ara rẹ̀ lórí igi ní májèlé tó lè pa ọmọdé. Nítorí náà, iwájú ilé ni ìṣin yẹ, kì í ṣe ọgbà ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Níbi tí gọ́tà bá wà, ìṣin la máa mú.

Másíkírédì àti àkókò. Igi tí àwọn ológbà ń pè ní másíkírédì, Polyalthia longifolia, rí bí òpó, ó rẹwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò sì gba àyè. Tí ẹ bá ń gbin igi nítorí ooru, ẹ mọ̀ pé kò ṣíji bo ẹnikẹ́ni. Àkókò náà dúró ṣánṣán, òjìji rẹ̀ sàn díẹ̀, òdòdó rẹ̀ ń fa oyin, igi tí ẹ bá gé gún sílẹ̀ nígbà òjò ń hù, kò sì ná yín lówó. Ẹ má gbàgbé pé àwọn ènìyàn á wá já ewé rẹ̀ nígbà ìwúyè. Ẹ gbìn ín síbi tí ìyẹn kò ti ní di ìjà pẹ̀lú onílé. Àwọn méjèèjì máa kọjá wáyà, ẹ má gbìn wọ́n sábẹ́ rẹ̀.

Mángòrò àti agbálùmọ̀. Igi ńlá ni wọ́n, gbàgede ni ibi wọn. Òkúta ni àwọn ọmọ fi ń já mángòrò, gíláàsì mọ́tò àti páànù ló sì ń jẹ ẹ́. Agbálùmọ̀ máa ń já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá pọ́n, ilẹ̀ la ti ń ṣà á, ìjà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fi hóró gbìn ín gbọ́dọ̀ ní sùúrù fún èso rẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji lẹ ń wá, èso jẹ́ èrè lórí rẹ̀.

Pánṣẹ́kẹ́, Delonix regia, àti òrúrù: òdòdó pupa ni gbogbo ènìyàn ń rí. Pánṣẹ́kẹ́ ń já ewé tán ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an tí oòrùn mú jù, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń lọ lórí ilẹ̀. Ẹ̀ka òrúrù kì í lè dúró de ìjì. Ọ̀kan péré sí gbàgede, ó tó.

Ní ti ọ̀dán, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àdúgbò fẹ́ ẹ nítorí àwọn àgbà ń ṣèpàdé lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀dán máa ń wá omi dé inú gọ́tà àti páìpù. Ẹ fi mítà 15 sí àárín òun àti ilé èyíkéyìí.

Lábẹ́ wáyà, gúrọ́fà, abàfẹ̀, frangipani àti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣeé lò bí ẹ bá ń tọ́ wọn láti kékeré. Ẹ máa gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ torí ẹ̀gún. Abàfẹ̀ lè ga kọjá mítà 5 bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ máa gé orí rẹ̀ lọ́dọọdún nígbà tó ṣì rọ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbin olómi òjò síbẹ̀ nítorí òdòdó rẹ̀ tó pọ́n bí ẹyin. Májèlé ni èso rẹ̀, ẹ má ṣe gbìn ín síbi tí ọmọdé ń kọjá.

Irú kan ṣoṣo tàbí oríṣiríṣi

Títì tí igi kan náà tò sí lọ gbọọrọ máa ń wu ojú. Ewu rẹ̀ ni pé ohun tó bá pa ọ̀kan yóò pa gbogbo wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kòkòrò funfun kan, Rastrococcus invadens, wọ Tógò àti Gánà, ó sì tàn dé Benin àti Nàìjíríà. Ó bo ewé mángòrò, ìdọ̀tí dúdú bo ohun tó kù, èso kò wá mọ́. Àwọn kan gé igi tí bàbá wọn gbìn lulẹ̀. Ọdún 1987 ni wọ́n tú agbọ́n tín-ín-tín kan, Gyranusoidea tebygi, sílẹ̀ ní Tógò, òun ló sì bá wa ṣẹ́gun púpọ̀ nínú rẹ̀. Títì tó jẹ́ mángòrò nìkan lè pàdánù gbogbo òjìji rẹ̀ ní àwọn ọdún yẹn.

Òfin tí àwọn onímọ̀ ń lò ni èyí tí Frank Santamour, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1990: irú kan kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 gbogbo igi lọ, ẹbí kan kò gbọdọ̀ ju 20 lọ, ìdílé ńlá kan, ìyẹn àkójọ àwọn ẹbí tó bára tan, kò gbọdọ̀ ju 30 lọ. Ẹbí ni àwọn tí orúkọ Látìn wọn àkọ́kọ́ jọ jẹ́ ọ̀kan. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà nìyẹn. Furúntù, afárá, ìdígbò àti igi alábùradà tó kún Èkó, Terminalia mantaly, jọ jẹ́ Terminalia: ẹ lè gbin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ rò pé ẹ ti pò ó, ẹbí kan lẹ gbìn. Mángòrò, kajú àti ìyeyè jẹ́ ìdílé kan. Ìrókò, ọ̀dán, àfọ̀n àti gbẹ̀rẹ̀fútù jẹ́ ìdílé kan. Àràbà, ọṣẹ́, arère àti obì jẹ́ ọ̀kan. Dóńgóyárò àti ọ̀gànwó náà jẹ́ ọ̀kan.

Títì tí igi rẹ̀ kò pé 20 kò lè pa òfin yìí mọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ kà á lórí gbogbo àdúgbò, títì mẹ́ta tàbí mẹ́rin papọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi igi 40 ṣe é. Irú kan kò ní ju 4 lọ, ẹbí kan kò ní ju 8 lọ, ìdílé kan kò ní ju 12 lọ. Ìhà tí wáyà wà, ibi 16: gúrọ́fà 4, abàfẹ̀ 4, frangipani 4, ọsàn wẹ́wẹ́ 4. Ìhà kejì, ibi 16: ìṣin 4, àjẹ́kòfòlé 4, dóńgóyárò 3, àkókò 3, orógbó 2. Gbàgede, ibi 8: agbálùmọ̀ 2, mángòrò 2, ọ̀gànwó 1, afárá 1, ọ̀dán 1, pánṣẹ́kẹ́ 1. Irú 15 nìyẹn, ìdílé tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì jẹ́ 5, ìyẹn abàfẹ̀ àti pánṣẹ́kẹ́.

Síbẹ̀, ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí kòkòrò kì í ka ìdílé. Kòkòrò funfun tí a sọ yẹn ń jẹ mángòrò, ọsàn, frangipani àti ọ̀dán, tó sì jẹ́ pé ìdílé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nínú igi 40 wa, ó kéré tán 11 ló lè bá lọ. A gba ìyẹn, ṣùgbọ́n a kì í tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn: irú mìíràn bí abàfẹ̀ ni kó wà láàárín ọsàn àti frangipani. Tí ẹ bá fẹ́ kí ojú títì dọ́gba, ẹ fi gíga àti ìrísí bá ara wọn mu, ẹ má fi irú ṣe é.

A kò fi ìrókò sí i. Kòkòrò Phytolyma máa ń ki ìwú bo ewé ọmọ ìrókò títí orí rẹ̀ fi kú, ọ̀pọ̀ ọgbà ìrókò ló ti bàjẹ́ báyẹn.

Ọmọ igi kékeré tàbí ńlá

Ọmọ igi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 kò wọ́n, ó sì máa ń mú ilẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ àti ẹsẹ̀ ń parí rẹ̀ lójú títì. Èyí tó ga ní mítà 2 wuyì lọ́jọ́ ìgbìn, ó wọ́n, ó ń mu omi púpọ̀, ó sì lè lo ọdún kan gbáko láìhu ewé tuntun. Fún títì, mítà 1 sí 1.2 la máa ń yàn. Nílùú Ìbàdàn, FRIN (iléeṣẹ́ ìwádìí igbó) tó wà ní Jẹ́ríkò àti NIHORT (iléeṣẹ́ ìwádìí èso àti ewébẹ̀) tó wà ní Ìdí-Ìṣin ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ fa ọ̀kan tàbí méjì yọ nínú náílọ́ọ̀nù kí ẹ tó sanwó. Bí gbòǹgbò bá ti ń yí po nísàlẹ̀ bí òrùka, ẹ kọ̀ ọ́; òrùka yẹn ni yóò fún igi lọ́rùn lọ́jọ́ iwájú.

Ìgbìn, omi àti ọgbà

Láti ìparí oṣù karùn-ún dé àárín oṣù keje ni ìgbà tó dára. Ọjọ́ 14 oṣù keje tí Èkó fi ṣe ọjọ́ igbígbin igi bọ́ sí ìparí rẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, ẹ parí rẹ̀ nínú oṣù kẹfà, torí òjò ibẹ̀ máa ń tètè lọ.

Ihò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta náílọ́ọ̀nù, kó má jìn jù ú lọ. Ẹ fi dígà ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má dán, torí ẹ̀gbẹ́ tó dán nínú ilẹ̀ amọ̀ máa ń mú omi bí ìkòkò. Ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lórí ilẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó gbòǹgbò, ẹ má fi sínú ihò. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 7 yí i ká, kó jìnnà sí igi ní 10. Ọgbà ọparun tó ga ní mítà kan àbọ̀ ni yóò lé ewúrẹ́. Bí ẹ bá fi okùn so igi mọ́ ọn, ẹ yọ okùn náà lẹ́yìn ọdún kan kó má gé èèpo igi.

Omi ni ibi tí ètò ti ń kú. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, igi kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ bíi lítà 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Fún igi 40, lítà 1,600 lọ́sẹ̀ nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ pín in kí ẹ tó gbìn: ilé wo ló ń mójú tó igi wo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pátákó CDA. Bí kẹ́ẹ̀gì bá pọ̀ ju agbára yín lọ, ẹ gbin 20 lọ́dún yìí, 20 lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní oṣù kẹrin, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, ẹ rìn yí ká pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n yẹn. Níbi tí igi bá ti kú, ẹ wá ohun tó pa á kí ẹ tó tún ibẹ̀ gbìn, ẹ tún ọ̀pá irin tì wọlẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì fi irú tí kò tíì pé 4 dí àyè rẹ̀.